Ọmọ Ọba Tí Wọ́n Ní Ara Rẹ̀ Kò Dá

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí lára ọmọ ọba náà ni pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò sì lè rí èèyàn kí n má kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà ńbẹ̀. Ọmọ yìí funfun bí ògì, ètè rẹ̀ kò pọ́n rárá, ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì sì tóbi débi pé imú kò ríbi jókòó sí dáadáa. Irun rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ àlùkò, ó gùn dé gìgísẹ̀. Mo bi ọmọ mi léèrè ẹni tó ń bá a ya irun náà láràárọ̀.

"Mọ́mì, ẹ ò tíì wò ó tó ìṣẹ́jú méjì, ẹ ti ń ṣe check-up fún un," ó ní. "Just watch, ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ti jẹun, òjò ń rọ̀ sórí páànù ilé wa ní Life Camp ní Àbújá, iná sì wà. Ọmọ mi, obìnrin kan ṣoṣo tí mo bí, ló fi wáyà so láptọ́ọ̀pù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣàn, tó ní kí a jọ wo apá kìíní. Ánímè ni wọ́n ń pè é. Káàtúùnù àwọn ará Japan ni, ṣùgbọ́n ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ níwájú ọmọ mi, inú máa ń bí i. Èdè wọn ni wọ́n ń sọ, wọ́n wá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sísàlẹ̀, ìyẹn sì ni kò jẹ́ kí n lè máa bó ẹ̀pà tí mo gbé dání. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni ọmọ mi. Ó ti jáde ní yunifásítì, Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ló sì máa lọ sí káńpù àwọn agùnbánirọ̀ ní Kàlàbá, níbi tí wọ́n pín in sí láti lọ sin ìlú fún ọdún kan.

Èmi ti ṣètò pé kò ní pé ọdún kan. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń lò ní káńpù lọ. Nínú fáìlì àwọn ìwé rẹ̀, láàárín ìwé ẹ̀rí yunifásítì àti àwọn fọ́tò pélébé, mo ti ki lẹ́tà kan bọ̀ ọ́. Dókítà kan tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ló kọ ọ́ fún mi, tó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́tà náà sọ pé ọmọ mi ní ikọ́ fée láti kékeré, pé ojú ọjọ́ ibòmíràn lè ṣe é ní jàǹbá, àti pé ó sàn kí wọ́n dá a padà sí Àbújá, nítòsí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun láàárín wa. Ọ̀pọ̀ òbí tí mo mọ̀ ló ti wá a fún ọmọ wọn. Àwọn mìíràn a wá ìwé ìgbéyàwó, bí ẹni pé ọkọ ọmọ náà ń gbé ní Àbújá. Bí wọ́n bá pàdé lẹ́yìn ìsìn, wọn a bi ara wọn pé, "Ṣé ẹ ti rí tiyín gbà?" bí ẹni tó ń béèrè bóyá gáàsì ti dé ọjà.

Kò sí ohun tó ṣe àyà ọmọ mi. Kí n tètè sọ ọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ibi tí wọ́n pín wọn sí jáde lórí fóònù, igbe ló fi ta. "Calabar! Mọ́mì, Calabar!" Ó jó yí àwọn àga pálọ̀ ká. Ó ní òun á gba yàrá kan, òun á máa se oúnjẹ ara òun, òun á máa wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa lọ síbi iṣẹ́ bí èèyàn gidi. Mo jókòó, mo jẹ́ kó jó tán. Mo wá ní, "Àyà rẹ ńkọ́?" Ó dúró. Ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó ní, "It's true o. Mo ti gbàgbé." Ó jókòó. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn, kò sí ìjà, kò sí ẹkún. Mo sọ fún un pé n óò wá lẹ́tà, pé bí wọ́n bá ti pe àwọn tí ara wọn kò dá, kó mú un jáde. Ó ní òun ti gbọ́. Mo rò lọ́kàn mi pé ọmọ gidi ni, pé ó mọ̀ pé ọgbọ́n ni mo ń dá, ó sì ti gbà fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọmọ ọba.

Ohun kejì tí mo rí ni pé kò sí ẹni tó ń jẹun ní gbogbo ààfin náà. Wọ́n tẹ́ tábìlì gígùn, wọ́n gbé èso sí i, wọ́n gbé odindi ẹran sí i, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ọba dé adé wọ yàrá ìsùn. Atẹ́gùn ń fẹ́ irun gbogbo wọn nígbà gbogbo, kódà nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣí. Òdòdó kan ń já bọ́ lójú ọ̀run, mi ò rí igi tó ti ń já. Mo sọ gbogbo èyí jáde lẹ́nu. Ọmọ mi fi tìmùtìmù gbá mi lápá.

Ìtàn náà kò le. Ọba yìí kò ní ìyàwó mọ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ní. Ó fi ọmọ náà sí yàrá kan tó ga ju gbogbo ààfin lọ, ó sì kéde fún gbogbo ìlú pé ara ọmọ òun kò dá, pé bí atẹ́gùn ìta bá fẹ́ sí i, yóò kú. Gíláàsì ni wọ́n fi dí gbogbo fèrèsé rẹ̀. Láràárọ̀, ìyá àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú rẹ̀ á gbé oògùn wá fún un nínú ife fàdákà, ọmọ ọba á mu ún, á fajú ro, á ní ẹ ṣeun. Lẹ́yìn náà, á lọ jókòó sẹ́yìn gíláàsì, á máa wo àwọn ọmọ tó ń ta ẹja lọ́jà ìsàlẹ̀, á máa fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórúkọ.

Mo ní oògùn wo nìyẹn. Mo ní wọn kò kọ iye ìgbà síbì kankan, kò sí káàdì lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ìyá yìí kò béèrè bóyá ó sùn, kò béèrè bóyá ó yàgbẹ́. Irú ìtọ́jú wo nìyẹn? Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ilé ìwòsàn kọ́ ni. Fantasy ni."

Nígbà tí ọmọ ọba ń wo àwọn ọmọ ọjà, Kwali, ìlú kan nítòsí Àbújá tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, ló wá sí mi lọ́kàn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ibi iṣẹ́ wa máa ń rán wa lọ síbẹ̀ láti lọ fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo máa ń rí àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá á ru ìkòkò amọ̀ láti àgbàlá ìyá rẹ̀ dé ojú títì, á dá ọ̀kadà dúró, á pàṣẹ fún ọlọ́kadà bí yóò ṣe di ẹrù náà kó má baà fọ́, á gùn ún, á sì bá tirẹ̀ lọ. Mo máa ń yìn wọ́n gan-an. Mo máa ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì tó kù pé ọmọ tó là lójú nìyí. Lẹ́yìn náà, n óò pe ọmọ tèmi lórí fóònù láti béèrè bóyá ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Èmi ni mo gbé e lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo gbé e lọ sí girama, èmi náà ni mo ń gbé e lọ sí yunifásítì, tí n óò tún dúró nínú mọ́tò títí yóò fi wọlé ìkàwé. Kò wọ takisí tí a ń dá dúró lójú ọ̀nà rí, nítorí àwọn tó ń fi takisí jalè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń gbé ní Orozo, lẹ́yìn odi Àbújá. Fún gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ kàwé, ọmọ mi kò débẹ̀ rí, ọ̀rẹ́ náà ló ń wá. Eruku ọyẹ́ kò dára fún àyà rẹ. Òjò kò dára fún àyà rẹ. Èéfín ọ̀kadà kò dára fún àyà rẹ. Mo mọ̀ pé nígbà tí mo bá sọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù ojú ọ̀nà, ó máa ń bá mi jiyàn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dárúkọ àyà, á dákẹ́.

Bàbá rẹ̀ kú lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òtútù àyà mú ọmọ náà, a lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko ní ilé ìwòsàn. Ó yá. Ara rẹ̀ le, ó ń sáré kiri inú wọ́ọ̀dù, àwọn nọ́ọ̀sì ń lé e. Èmi ni kò yá. Ẹ̀rù bà mí lọ́sẹ̀ náà, ẹ̀rù náà kò sì kúrò lára mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè káàánú mi, bó ṣe rí ni mo ń sọ.

Ọmọkùnrin kan wá wọ inú ìtàn. Gíláàsì fèrèsé kan ló sán, wọ́n ní kó wá tún un ṣe. Ó fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ òrùlé, ó dé fìlà bo etí, atẹ́gùn sì gbé fìlà náà lọ. Ìwo kékeré méjì ló wà lórí rẹ̀. Ó jọ pé àwọn kan tó ní ìwo ń gbé nínú igbó tó yí ìlú náà ká, ọba kò sì fẹ́ rí wọn sójú. Ọmọ ọba rí ìwo, kò sá, ẹ̀rín ló bú sí. Èémí rẹ̀ bo gíláàsì. Ọmọkùnrin náà fi ìka kọ nǹkan sí i láti ìta. Wọ́n wá ń wo ara wọn. Wọ́n wo ara wọn títí mo fi bó ẹ̀pà mẹ́wàá tán.

"Irú èyí lẹ̀yin ọ̀dọ́ ń fẹ́ báyìí?" mo ní. "Ẹni tó ní ìwo?"

"Ó rẹwà, Mọ́mì. Ẹ wo ojú ẹ̀."

"Ọjọ́ tí o bá mú oníwo wálé, mẹ́gáàdì ló máa kọ́kọ́ sá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi orí lé mi léjìká. Mo gbádùn ọ̀sán náà, mi ò ní purọ́. Òjò ń rọ̀, ọmọ mi wà lọ́dọ̀ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni n óò fi wà láìrí i. Mo ti ń rò ó pé bóyá kí a fi ìyókù àwọn apá náà sílẹ̀, kí a jọ wò wọ́n tán nígbà tó bá dé.

Wọ́n wá gbé wa lọ sí ilé ìdáná ààfin. Ìyá àgbàlagbà náà nìkan ló wà níbẹ̀. Ó gbé ife fàdákà sílẹ̀. Ó bu omi sí i láti inú ìṣà. Ó mú oyin, ó ro ó sí i díẹ̀, ó já ewéko kíkorò kan lé e lórí, ó rò ó pọ̀. Ó tọ́ ọ wò. Ó nu ẹnu, ó gbé e gun àtẹ̀gùn lọ bá ọmọ ọba.

Ọmọ mi tẹ nǹkan kan, àwòrán dúró. "Wait. Omi ni? Omi àti oyin?" Ó dìde jókòó. "So nǹkan kan ò ṣe é! All this while!"

Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

"Ah, wọ́n burú o. Ó mà gbà wọ́n gbọ́."

Mo ní bàbá rẹ̀ ni, pé bóyá ẹ̀rù ló ń bà á, nítorí ìyàwó rẹ̀ tó kú.

"Bàbá, okay, mo lè forí jì í. Ọba ni, kò mọ nǹkan kan nípa àìsàn. Ìyá yìí ni mi ò lè forí jì." Ó nawọ́ sí ojú tẹlifíṣàn, níbi tí ìyá náà dúró sí lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ife rẹ̀. "Òun ló mọ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ló fi ń rò ó, every morning. Ó tiẹ̀ fi ewé kíkorò sí i kó lè jọ oògùn."

"Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ràn rẹ̀," mo ní.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó fẹ́ràn ẹ̀." Ó tẹ nǹkan náà padà, àwòrán ń lọ.

Mi ò bó ẹ̀pà mọ́. Mo wo ìyókù apá kìíní náà bí ẹni tó jókòó sí yàrá ìdúró níwájú dókítà. Ọmọ ọba mu oògùn rẹ̀, ó ní ẹ ṣeun. Ó padà sí ìdí fèrèsé. Gíláàsì tuntun náà kò tíì le, ó tì í, ó ṣí. Atẹ́gùn wọlé. Ọmọ ọba di ojú, ó di èémí mọ́nú, ó dúró de ikú rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó pẹ́. Ó wá mí. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó tún mí. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín, tàbí pé orin ayọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló yíjú padà, tó ń wo ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ojú rẹ̀ ńlá méjèèjì gbẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n parí rẹ̀ sí.

Ọmọ mi pa láptọ́ọ̀pù dé. Òjò ti dá. Àpótí rẹ̀ wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ṣòkòtò funfun àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n máa ń wọ̀ ní káńpù ti wà nínú rẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ tì í, ó ń ka ẹrù rẹ̀. Ó mú fáìlì rẹ̀, ó ń ṣí i, ó dé ibi lẹ́tà náà, ó dúró.

"Mọ́mì, mo ti fẹ́ bi yín. Tí dókítà inú káńpù bá bi mí ìgbà tí ikọ́ náà ṣe mí gbẹ̀yìn, kí ni kí n sọ?"

Mo ti ní ìdáhùn sílẹ̀. Ọyẹ́ tó kọjá ni mo fẹ́ kó sọ, kó ní ìrọ̀lẹ́ ni, kó ní wọ́n fún òun ní oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu. Mo ti kọ́ ọmọ àwọn ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ rí.

"Nítorí mo ti ń gbìyànjú láti rántí," ó ní. "Láti ọjọ́ tí ẹ ti fún mi ní lẹ́tà yìí. Mi ò rántí kankan. Mo wá ń rò ó pé bóyá ó máa ń ṣe mí tí mo bá sùn, tí ẹ̀yin nìkan máa ń mọ̀."

Ibẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé kò gbà fún mi rárá. Kò mọ̀ pé ọgbọ́n kankan wà níbẹ̀. Ó gbà mí gbọ́ ni. Ó ti fi Kàlàbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àìsàn tí mo fi ẹnu mi dá sílẹ̀, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni, àfi sí àyà ara rẹ̀. Ojú tì mí. Mo ti tọ́jú èèyàn púpọ̀, mi ò tíì rí ẹni tí ojú tì mí níwájú rẹ̀ báyẹn.

Ó rò pé mò ń ronú. Ó dìde, ó lọ sí ìdí báàgì tí mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́, ó mú ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àyà jáde, ó gbé e wá. "Ẹ bá mi gbọ́ ọ," ó ní. "Kí n lè mọ ohun tí n óò sọ fún wọn."

Mo fi í sí etí. Mo ní kó mí sínú, ó mí. Mo ní kó mí síta. Mo gbọ́ iwájú, mo gbọ́ ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, títí dé ìsàlẹ̀ egungun ìhà. Mo fara balẹ̀ ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é fún ọmọ tí mi ò mọ̀ rí. Àyà ẹni tó ní ikọ́ fée máa ń súfèé. Tirẹ̀ mọ́, atẹ́gùn ń wọlé, ó ń jáde, kò sí ohun tó ń dá a dúró.

"Kí lẹ gbọ́?"

"Kò sí nǹkan kan ńbẹ̀."

"Lónìí?"

Ó ṣí ọ̀nà fún mi láti sá gbà, mo rí i, ó sì wù mí.

"Kò sígbà tó wà ńbẹ̀," mo ní. "Òtútù àyà mú ọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó sì lọ. Gbogbo ìyókù, èmi ni mo ń sọ ọ́."

Mo ń retí igbe. Mo ń retí kó bi mí nípa Kàlàbá, tàbí kó dárúkọ ìyá tó ń ro oyin pọ̀ mọ́ omi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ní girama," ó ní, "inter-house sports. Gbogbo ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó sábẹ́ canopy pẹ̀lú àwọn tó fẹsẹ̀ ṣẹ́. Èmi ni mo máa ń gbé omi fún àwọn tó bá sáré tán." Ó gbójú sókè. "Ṣé mo lè sáré?"

"O lè sáré."

"Gbogbo ìgbà yẹn?"

"Gbogbo ìgbà yẹn."

Ó mi orí. Ó yọ lẹ́tà náà kúrò nínú fáìlì, ó tẹ́ ẹ dáadáa níbi tó ti ká. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, orúnkún méjèèjì, bí mo ṣe kọ́ ọ láti kékeré kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ Àbújá kò ní ẹ̀kọ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà náà fún mi.

"Ẹ gbà, mà," ó ní.

Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò pè mí ní mà rí.